Ilé Tó Ń Gbọ́ Bùkátà Ara Rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Kò Ní Ju Ẹ̀yìnkùlé Lọ

Ẹni tó bá ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé tí ó bá ti di oṣù kẹfà, ohun gbogbo ló ń hù. Irúgbìn ata tó bá omi ìfọwọ́ dà sí ẹ̀yìnkùlé á hù, tẹ̀tẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìsí ẹni tó gbìn ín, gbúre á sì ràn dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi máa ń dá ọgbà sẹ́yìn ilé lákòókò òjò, tí ọgbà náà á sì ti di ilẹ̀ gbígbẹ kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí a fi díwọ̀n gbogbo ètò wa. Ìdílé tó bá ń já ẹ̀fọ́, tó ń kó ẹyin, tí omi sì wà nínú tánkì rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti fa ilẹ̀ gbẹ tí ẹ̀fọ́ sì ti gbówó lórí lọ́jà, ni a lè sọ pé ó ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo tò sísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ẹ̀yìnkùlé mọ. Ilẹ̀ tó wà láàrin ilé ní Ìlódè, Ìrẹ̀mọ, Párákìn tàbí Sábó kò lè pèsè iṣu, gàrí àti ìrẹsì tí ènìyàn márùn-ún máa jẹ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ẹni tó bá sì fi gbogbo rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ yóò dúró títí kó tó kórè ohun tí owó díẹ̀ lè rà lọ́jà. Ohun tí ẹ̀yìnkùlé lè ṣe dáadáa ni ẹ̀fọ́, ata, ewé ọbẹ̀, ẹyin, ìgbín, èso díẹ̀, àti omi tó ń bọ́ láti orí òrùlé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló ń fa owó kéékèèké jáde lápò wa lójoojúmọ́, tí wọ́n sì tètè ń bàjẹ́ bí a bá rà wọ́n jọ. Ní ti òkèlè, oko àti ọjà ni kó máa pèsè rẹ̀. Tiwa ni láti rà á lásìkò kí a sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Àwọn àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ní Ifẹ̀ láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400 fi hàn pé àwọn tó tẹ́ wọn ronú jinlẹ̀ lórí ibi tí omi òjò yóò gbà. Nínú àwọn agboolé àtijọ́, òrùlé dorí kọ àárín àkòdì, ìkòkò ńlá sì wà níbẹ̀ tó ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rò. Ẹ̀yìn agboolé ni ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, adìẹ sì ń jẹ̀ káàkiri. A fẹ́ dá ọgbọ́n náà padà sínú ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣètò omi kí ẹ tó gbin ohunkóhun

Mìlímítà kan òjò tó bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóòró jẹ́ lítà omi kan. Ìṣirò kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Ẹ fi tépù wọn ilẹ̀ tí òrùlé yín bò, ẹ má wọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ páànù. Bí ilé bá jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 8 ní fífẹ̀, ó jẹ́ 80. Òjò ńlá kan tó bá rọ̀ tó mìlímítà 20 yóò da lítà 1,600 sórí rẹ̀. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún èyí tó ta dànù, ó ṣì kù díẹ̀ kó tó lítà 1,300. Òjò ọdún kan ní agbègbè wa sábà máa ń lé ní mìlímítà 1,200, nítorí náà òrùlé kan ṣoṣo yìí lè gba ohun tó ju lítà 76,000 lọ lọ́dọọdún. Ènìyàn márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 20 lójúmọ́ kò lè lo ju lítà 36,500 lọ lọ́dún. Ẹ rí i pé omi kò wọ́n ní Ifẹ̀. Ohun tí a ó fi gbà á dúró ló wọ́n, ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá ní lọ.

Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé, kí ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìhà tí tánkì wà, kí ẹ sì fi àwọ̀n bo ojú ibi tí omi ń gbà wọlé kí ewé àti aláǹgbá má bàa bá a wọlé. Òrùlé tó ti gba eruku ọyẹ́ láti oṣù kọkànlá kò mọ́. Ẹ jẹ́ kí òjò méjì àkọ́kọ́ nínú ọdún fọ̀ ọ́ lọ pátápátá, lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkigbà tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ darí nǹkan bí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí ó wọ tánkì. Bí ilé bá jẹ́ ti àtijọ́ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ asbestos, ẹ má mu omi ibẹ̀, ẹ má sì gun orí rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Ọgbà ni kí ẹ lò ó fún.

Tánkì lítà 1,000 tó bá kún wúwo tó kìlógíráàmù 1,000, nítorí náà pákó kò lè gbé e. Ẹ da kọnkéré sí abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ to búlọ́ọ̀kù tí a fi símẹ́ǹtì kún inú rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká tánkì lè fi dúrọ́ọ̀mù lítà 200 bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa fi ọ̀kan kún un lọ́dọọdún. Ohun yòówù kó jẹ́, ideri rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, nítorí ẹ̀fọn lè ti ara ẹyin di abìyẹ́ nínú omi tí a ṣí sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ọmọdé sì lè kó sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ideri.

Omi òjò tí a ó mu, ẹ sè é kó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bò ó kó tutù. Bákan náà ni ti omi kànga. Àlàfo tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà ń fẹ́ láàrin kànga àti ṣáláńgá tàbí sókàwéè jẹ́ mítà 30, ṣùgbọ́n ní àárín ìgboro tí ilé ti fara kan ilé, ìwọ̀nba kànga díẹ̀ ló ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ẹ lo kànga fún ìfọṣọ àti ìwẹ̀, kí ẹ fi omi òjò pamọ́ fún oúnjẹ àti fún ọgbà.

Tánkì ni yóò sọ fún yín bí ọgbà ṣe máa tóbi tó. Ebè ẹ̀fọ́ tó gùn ní mítà 2 tó sì fẹ̀ ní mítà 1 ń fẹ́ nǹkan bí lítà 8 lójúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Láti àárín oṣù kọkànlá dé àárín oṣù kẹta jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 120, ìyẹn lítà 960. Nítorí náà, ẹ ka tánkì lítà 1,000 kan sí ebè ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ẹ bá ń fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tí ẹ sì ń fi omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ kún un, tánkì kan lè tọ́ ebè méjì. Ẹni tó ní tánkì kan tó sì ṣí ebè mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn yóò sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe ilẹ̀ yín

Ilẹ̀ tó yí ilé tuntun ká kì í sábà ṣe ilẹ̀ ọ̀gbìn mọ́. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, yanrìn àti símẹ́ǹtì tó dànù ti pọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀dú òkè sì ti bá kátakátá lọ. Ẹ má ra ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá kó wá láti ibi tí àwọn mẹkáníìkì tàbí àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òjé àti ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ kì í rà, ẹ̀fọ́ sì lè gbé òjé náà dé inú abọ́ ọmọ yín. Ohun tí ìdọ̀tí ilé ìdáná yín lè dì kò lẹ́gbẹ́.

Ẹ wá igun kan lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yí i ká ní mítà 1 níbùú àti lóòró. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Fún agbọ̀n kan ohun tútù, ìyẹn èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ẹ̀fọ́ àti koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, ẹ da agbọ̀n méjì sí mẹ́ta ewé gbígbẹ lé e. Ewé gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni kì í jẹ́ kí òórùn yọ aládùúgbò lẹ́nu. Ẹ gbá ewé jọ sínú àpò nínú ẹ̀ẹ̀rùn dípò kí ẹ máa sun ún, kí ó lè tó lò nígbà òjò. Ẹran, egungun, òróró àti oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí eku ni wọn yóò pè wá.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tàbí ṣọ́bìrì yí i, kí ti inú bọ́ síta. Bí ẹ bá bu díẹ̀ tí ẹ sì fún un mọ́wọ́, omi kò gbọdọ̀ kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ. Bí ó bá rùn, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bí kò bá gbóná ní àárín, ó gbẹ jù tàbí kò ní ohun tútù tó. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, yóò dúdú, yóò fọ́ wẹ́wẹ́, a kò sì ní mọ èèpo iṣu yàtọ̀ sí ewé mọ́. Ìgbà náà ni ó di ajílẹ̀.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ebè jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ ṣa àfọ́kù jáde, kí ẹ sì po ìdá méjì ilẹ̀ mọ́ ìdá kan ajílẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé tí onílé kò fún ní ilẹ̀, tàbí tí gbogbo àgbàlá rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, lè ṣe irú àpòpọ̀ kan náà sínú àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a gé lórí, tàbí abọ́ ńlá tó ti fọ́, kí ó ṣáà ti lu ihò sí ìdí wọn. Ìrọ̀rùn tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ó bá kó lọ, ọgbà rẹ̀ á bá a lọ. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi ra oògùn apakòkòrò tàbí omi bátìrì kò ṣe é lò, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gbin ohun tó ń pẹ́ kí ẹ tó gbin ohun tó ń yára

Ewúro ni èmi yóò fi ṣáájú. Ẹ gé igi rẹ̀ tó ti gbó ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kí ẹ fi í lélẹ̀ ní dídagun ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti múlẹ̀. Kí òjò tó lọ, gbòǹgbò rẹ̀ á ti wọlẹ̀ jìnnà, yóò sì máa yọ ewé nínú ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú omi díẹ̀. Ẹ gbin ẹfínrín sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ìbẹ́pẹ kan tàbí méjì sí ibi tí òjìji wọn kò ní bo ebè, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ibi tí omi ilé ìwẹ̀ ń jáde sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ omi púpọ̀, omi ọṣẹ ìwẹ̀ kò sì pa á lára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi tó ní blíìṣì dé ibẹ̀, ẹ má sì wọ́n omi ìwẹ̀ sórí ẹ̀fọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀fọ́ olóṣù kan. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀ débi pé ọwọ́ kì í lè fún un ká dọ́gba, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì fi ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè fà á tu, tàbí kí ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ilẹ̀ kó lè tún yọ. Ṣọkọ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ti ewédú yàtọ̀: èèpo irúgbìn rẹ̀ le, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìhù. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ, kí ẹ tì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 péré, kí ẹ yára gbé e sínú omi tútù, kí ẹ sá a ní ìbòòji kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ gbìn ín. Bí ó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná, ó ti jinná.

Ẹ má gbin gbogbo ebè lọ́jọ́ kan náà. Ìdajì ebè lọ́sẹ̀ méjì méjì ń mú kí ẹ̀fọ́ máa tẹ̀ lé ara wọn, dípò kí ilé ní ẹ̀fọ́ tó pọ̀ ju ìkòkò lọ ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì lọ rà lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ irúgbìn tó dájú lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, iṣẹ́ wọn ni èso, ẹ̀fọ́ àti òdòdó.

Ata àti tòmátì ni ó ń fi ẹni tó gbọ́n ètò hàn. Òjò ńlá ń mú kí tòmátì rà, àrùn ewé sì pọ̀ nígbà náà. Nítorí ìdí yìí, ẹ má bá òjò jà. Ẹ fi irúgbìn ata rodo, ṣọ̀ńbọ̀ àti tòmátì sínú abọ́ kékeré lábẹ́ ìbòòji ní ìparí oṣù kẹjọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tó ṣí gbìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ máa gbé wọn síta díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára, kí ẹ sì ṣí wọn gbìn ní ìrọ̀lẹ́, ní àlàfo sẹ̀ǹtímítà 50, nígbà tí òjò oṣù kẹwàá ṣì ń rọ̀. Òjò tó kẹ́yìn ni yóò mú wọn dúró, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò mú wọn so, àsìkò tí ata bá sì gbówó lórí ni tiyín yóò pọ́n.

Tata ni ọ̀tá ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jáde ní ìdájí, nígbà tí òtútù ṣì mú wọn tí wọn kò lè fò jìnnà, kí ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n fún adìẹ. Fún kòkòrò kéékèèké, ẹ gún ewé dóńgóyárò, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fín in ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣan ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yí ebè padà nígbà tí òjò bá ń lọ

Nígbà òjò, ebè gbọ́dọ̀ ga ju ọ̀nà tí a ń gbà lọ, kí omi lè ṣàn kúrò nídìí ẹ̀fọ́. Nígbà tí ó bá di oṣù kọkànlá, ẹ yí i padà: kí ojú ebè rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ ní bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí omi tí ẹ bá dà síbẹ̀ má lè sá lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì ń dá omi púpọ̀ sí. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí orí ilẹ̀, kí ó má kan ìdí igi ẹ̀fọ́. Ìdí ni kí ẹ bomi rin, kì í ṣe ewé, ní kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Fún ata àti tòmátì, ẹ lu ihò tíntín sí ọmọrí ike omi, kí ẹ gé ìdí rẹ̀, kí ẹ ri orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà, kí ẹ sì máa rọ omi sínú rẹ̀. Omi á máa kán lọ bá gbòǹgbò tààrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹyin

Ẹ má ra adìẹ kí ọdún kan ọgbà tó pé. Adìẹ kò lè dúró de omi bí ewúro ṣe lè dúró dè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè mu tó ìdajì lítà lójúmọ́ nínú ooru. Nígbà tí omi bá ti dájú, ẹ fi mẹ́fà bẹ̀rẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 115 lójúmọ́, nítorí náà mẹ́fà yóò jẹ tó kìlógíráàmù 21 lóṣù, èyí tó súnmọ́ àpò oúnjẹ adìẹ kìlógíráàmù 25 kan. Bí wọ́n bá ń yé dáadáa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yé márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹyin 30 ni, ìyẹn kíréètì kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹ lọ béèrè iye owó àpò oúnjẹ kan àti iye owó kíréètì mẹ́rin lọ́jà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ìṣirò yẹn ni yóò sọ bóyá ó tó ṣe ní ọdún tí ẹ wà. Ewé ẹ̀fọ́, tata àti kòkòrò tí a ṣà nínú ajílẹ̀ ń dín oúnjẹ tí a ń rà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Ẹ ra èyí tó ti pé ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, nítorí òròmọdìẹ ọjọ́ kan ń fẹ́ ooru àti àmójútó tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò lè fún un. Ilé tó gùn ní mítà 2 tó sì fẹ̀ ní mítà 1.2 tó wọn. Ẹ fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ yí i ká nítorí àsá, ológbò àti ejò, kí ẹ sì da èérún pákó láti ilé ìlagi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò pọn dandan kí àkùkọ wà kí adìẹ tó yé ẹyin jíjẹ, aládùúgbò yín yóò sì sùn dáadáa bí kò bá sí. Èérún pákó tó ti dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, inú ààtàn ajílẹ̀ ni kí ó ti lo oṣù méjì ó kéré tán, torí ó gbóná púpọ̀, yóò sì jó ẹ̀fọ́ bí a bá dà á tààrà.

Àrùn Newcastle ni ó ń pa adìẹ jù nígbà ọyẹ́. Kò ní oògùn bí ó bá ti wọlé. Àjẹsára nìkan ló ń dènà rẹ̀. Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé, kí ó sọ ìgbà tí a ó fún wọn. Adìẹ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tàbí tí àlejò bá fi tọrẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìgbín, fún ẹni tí àyè rẹ̀ há

Kò sí ẹran ọ̀sìn tó bá ilé ìgboro mu tó ìgbín: kì í ké, kì í rùn bí a bá ń tọ́jú ibùgbé rẹ̀, ohun tí ilé ìdáná sì dà nù ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Sùúrù ni ó ń fẹ́, torí ó lè ju ọdún kan lọ kí ó tó tóbi tó jíjẹ. Ẹ da ilẹ̀dú tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sínú àpótí pákó lábẹ́ ìbòòji, kí ẹ fi àwọ̀n dé e, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ àpótí náà bọ agolo tí ọ́ìlì àlòkù wà nínú rẹ̀. Ìjàlọ lè wọlé lóru kan kí ó sì run gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ agolo wọ̀nyẹn wò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fún wọn ní ewé àti èso ìbẹ́pẹ, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Èèpo ẹyin tí ẹ bá sá gbẹ tí ẹ sì gún lẹ́búlẹ́bú ni yóò mú kí ìkarahun wọn le. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, ewé tí a fín oògùn sí kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín á fi awọ funfun di ẹnu ìkarahun rẹ̀, kò ní jẹ, kò sì ní dàgbà. Ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí ilẹ̀ wọn lálaalẹ́ kí wọ́n má bàa sùn. Ẹ sè é kó jinná dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tọ́jú wọn.

Àwọn kan á béèrè nípa ẹja àrọ̀. Ó ṣeé ṣe, omi tí a bá pààrọ̀ lábẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀ fún ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń lò pọ̀, oúnjẹ rẹ̀ sì wọ́n. Ẹni tí kò bá ní kànga tí kì í gbẹ kí ó fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ìtọ́jú oúnjẹ

Ọyẹ́ tó ń gbẹ ọgbà yìí náà ló ń gbẹ oúnjẹ. Ẹ gé ilá tínrín, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n tó ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku àti eṣinṣin, kí ẹ sì máa kó o wọlé lálẹ́. Tí ó bá ń ṣẹ́ pọ́kí lọ́wọ́, ó ti di orúnlá. Ẹ dà á sínú ìgò tí ọmọrí rẹ̀ le. Ata náà gba bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀wà ni kí ẹ rà ní ìparí ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè rẹ̀ ní òkè ọya. Ẹ sá a kó gbẹ pátápátá, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pa kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ yóò kú nítorí àìsí afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán, kí ẹ sì lo kẹ́ẹ̀gì kéékèèké kí ẹ má bàa máa ṣí èyí tó tóbi lójoojúmọ́. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sí ẹ̀wà tí ènìyàn máa jẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa lórí rẹ̀, mo sì bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ra ẹ̀wà kó béèrè ohun tí wọ́n fi sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: irúgbìn ọdún tó ń bọ̀

Nínú ebè kọ̀ọ̀kan, ẹ yan igi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dára jù, tí kòkòrò kò jẹ, kí ẹ so òwú mọ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má já wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tanná, kí wọ́n sì gbẹ lórí ìdúró. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni a ó fọwọ́ ra mọ́ra lórí atẹ kí a tó fẹ́ ẹ. Ewédú ni a ó pa èèpo gbígbẹ tó bo irúgbìn rẹ̀. Ata tó pọ́n dénú ni a ó là, kí a sá irúgbìn rẹ̀ ní ìbòòji. Ẹ dà wọ́n sínú ìgò kékeré pẹ̀lú èédú gbígbẹ díẹ̀ tí yóò máa fa ọ̀rinrin, kí ẹ gbé e sí ibi tó tutù tí oòrùn kì í dé, kí ẹ sì kọ orúkọ àti oṣù sára rẹ̀, nítorí irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ti ṣọkọ jọra púpọ̀, dúdú dídán ni méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka 20 nínú irúgbìn kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ tútù, kí ẹ ká a, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ti ewédú, ẹ kọ́kọ́ tì í bọ omi gbígbóná bí mo ti ṣàlàyé, ti ata, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èyí tó hù bá tó 15, ó dára. Bí ó bá jẹ́ 10, ẹ fún un nípọn sí i. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àyè ṣì wà láti wá irúgbìn tuntun kí òjò tó dé.